Ilẹ̀kùn Àárín

Òjò Ṣíloé kì í tọrọ àyè kó tó rọ̀.
Ó ń rọ̀ lórí àgùntàn, lórí ebè pòtétò,
ó ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Ṣóílà, àbúrò ìyá àgbà mi, kan ilẹ̀kùn wa,
àpótí kan lọ́wọ́ ọ̀tún, okùn ajá lọ́wọ́ òsì.
Iná ti jó ilé rẹ̀. Ajá ló kù.

Ermelínda ìyá àgbà mi wo ajá, kò wo àbúrò.
Ọdún mọ́kànlá ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀
nítorí ilẹ̀ kan tí kò gba màlúù mẹ́ta.
"Wọlé," ó wí.
Ajá ló ń bá sọ̀rọ̀.

Àwa sì ní ológbò. Senísà, eérú ni ìtumọ̀ rẹ̀,
torí ẹ̀yìn sítóófù onígi ló ń gbé,
ibẹ̀ ló ti ń jọba lé gbogbo wa lórí.
Ó rí ajá, ó wú bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà pọ̀ nínú rẹ̀,
ìrù di ìgbálẹ̀, ẹnu ń ṣe bí ejò.
Kanpeónì, ajá aṣẹ́gun tí ẹsẹ̀ kan ń tiro,
kò mọ̀ ju pé ohun tó bá ń sá, kí á lé e.
Abọ́ méjì fọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá àgbà kò pariwo.
Ó fi ajá àti olówó rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn.
"Imú ni ẹranko fi ń kíni," ó sọ fún mi, "ojú ń bọ̀ lẹ́yìn."
Ó mú aṣọ òwú àgùntàn tí ajá sùn lé,
ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn sítóófù;
ó ní kí n mú ti ológbò lọ sí yàrá ẹ̀yìn.
Ṣóílà gbà á, kò dúpẹ́.
Lọ́jọ́ kẹta, Senísà sùn lórí òórùn ọ̀tá rẹ̀
bí ẹni tí kò mọ̀.

Ó kan oúnjẹ. Abọ́ kan níhìn-ín, abọ́ kan lọ́hùn-ún,
èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mò ń sún wọn,
ìbú ìka kan lójúmọ́, títí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn.
Mo gbọ́ eyín ajá, mo gbọ́ ahọ́n ológbò.
Mo tún gbọ́ ṣíbí:
Ṣóílà ń jẹun lọ́hùn-ún lórí àpótí rẹ̀;
ìyá àgbà ti gbé àga kúrò nídìí tábìlì,
ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kan náà.
Èmi kọ́ ni mo sún ìyẹn.

A ṣí ilẹ̀kùn, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Okùn wà lọ́rùn ajá.
A kan pákó mọ́ ògiri lókè fún ológbò.
"Ẹni tí kò ríbi sá sí ló ń jà," ìyá àgbà wí,
ohùn rẹ̀ ga ju ti ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, okùn já.
Èékánná ya imú ajá, ẹ̀jẹ̀ kán sínú ìyẹ̀fun.
A ti ilẹ̀kùn padà. A tún gbé abọ́ jìnnà.
Ṣóílà sunkún, kì í ṣe nítorí imú nìkan.

N kò ka ọ̀sẹ̀ mọ́.
Òwúrọ̀ kan nínú oṣù kẹjọ, òtútù ń ta bí abẹ́rẹ́,
mo jí: ológbò lẹ́yìn sítóófù, ajá níwájú rẹ̀.
Wọn kò dì mọ́ra. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín.
Ajá ń hanrun. Ológbò la ojú kan,
ó pa á dé.

Ilẹ̀kùn àárín ṣí gbayawu,
aṣọ Ṣóílà ti wà lórí ìṣó.
Àwọn méjèèjì ń bó pòtétò sínú abọ́ kan.
"Èèpo rẹ ti nípọn jù," ìyá àgbà wí.
"Ọ̀bẹ yín ló kú."
Ó ní *yín*.
Mo dìde, mo lọ fi igi kún iná.